Kí Lẹ Ti Tà?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi ìpàdé ọdọọdún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

 

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrànwọ́ owó fún ìdílé tí àìsàn ńlá bá wọ̀. Èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì ni èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní wẹ́fíà ní ọsibítù ńlá: ọ́fíìsì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sanwó, níbi tí wọ́n máa ń ní kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó yà sí. Tábìlì kan, àga méjì, àti fáìlì tí wọ́n tò lé ara wọn títí wọ́n fi ga jù mí lọ. Ìbéèrè tó wà nínú fọ́ọ̀mù wa ni: èló ni ẹ ń rí lóṣù? Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ìbéèrè yẹn kì í mú òótọ́ jáde. Nínú àwọn tó ń ta ata, ta ló mọ iye tí òun ń rí lóṣù? Mo bá pa á tì. Bí wọ́n bá ti jókòó, tí wọ́n ti nu ojú, màá ní, "Kí lẹ ti tà?"

Ìgbà yẹn ni ẹnu máa ń là.

Ewúrẹ́ àti adìyẹ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Aṣọ òkè tó wà nísàlẹ̀ àpótí á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wúrà ìyàwó, tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀. Títí débẹ̀, ó dunni, àmọ́ kò tíì pani. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ibi tí wọ́n bá ti dé orí ohun tí wọ́n fi ń jẹun: ọ̀kadà, ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, fíríjì tí ìyá fi ń ta omi tútù, owó ọjà inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí wọn kò kọ́kọ́ ta ilẹ̀. Ilẹ̀ kì í yá tà. Ẹlẹ́nu pọ̀ lórí ilẹ̀ ẹbí. Ẹni tó fẹ́ rà á á ní òun fẹ́ rí ìwé, ẹ̀gbọ́n kan á ní wọn ò fi lọ òun. Ọ̀kadà kò ní ẹjọ́ kankan lẹ́sẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ẹnìkan á ti gùn ún lọ, ní ìdajì owó rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí tálákà ní, èyí tó ń bọ́ ọ gan-an ló máa ń yá tà jù.

Aránṣọ kan jókòó síwájú mi lọ́jọ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ló kọ lu ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ méjì ni obìnrin náà ní, ọ̀kan tí ó fi ń rán aṣọ, èkejì tí ó fi ń ká etí rẹ̀. Ó ti ta méjèèjì pọ̀ ní 60,000 náírà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, láti fi ya fọ́tò orí ọkọ rẹ̀. A sáré sókè sódò, ọ̀gá dín owó kù, ìjọ kan san díẹ̀, ọkùnrin náà sì fi ọ̀pá tẹlẹ̀ jáde ní ọsibítù. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé ọ̀rọ̀ yìí ti yanjú, mo fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n fi obìnrin yìí síbẹ̀ ná.

Kì í ṣe òní ni àìsàn ti ń ta ẹrù ẹlẹ́rù. Láyé àwọn baba wa, ẹni tí owó ìtọ́jú tàbí ìnáwó òkú bá ká mọ́, á lọ yáwó lọ́wọ́ olówó, á sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Samuel Johnson ṣàlàyé ètò yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe ẹrú. Àmọ́ iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé ni, kì í dín ojú owó kù. Ó lè ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, kí iye tí baba rẹ̀ yá ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ara bàbá ti le, tàbí bàbá ti kú, ọmọ ṣì ń kọ ebè.

Ẹ má sọ pé ìyẹn ti tán. Ẹni tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ayánilówó tí ẹ̀yin ìyá wa sọ ní gbọ́mú-lé-lántà mọ ohun tí mò ń wí. Èyí tó wà lórí fóònù tún burú jù, torí kò béèrè onídùúró, kò béèrè ìwé. Nọ́ńbà gbogbo èèyàn tó wà nínú fóònù rẹ ló fi ṣe onídùúró. Ní 2022, àjọ FCCPC tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà ṣe ìlànà fún àwọn ayánilówó orí fóònù yìí nítorí bí wọ́n ṣe ń dójú ti àwọn èèyàn. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ pé olè ni, nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. 30,000 náírà ló yá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí á sọ pé ọ̀nà àbáyọ ti wà nílẹ̀ tipẹ́, pé kí ni èsúsú wà fún? Èsúsú dára o. Ó dára débi pé ó bá àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun. Títí di òní, ní Trinidad, "susu" ni wọ́n ń pè é. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó gbé láàárín wa, kọ̀wé lé èsúsú lórí ní 1952. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà lára èsúsú tí a kì í fẹ́ sọ: ó ní ẹni tó kàn. Àìsàn kò mọ ẹni tó kàn. Bí ìwọ bá jẹ́ ẹnì kọkànlá, tí àrùn sì wọlé lóṣù kejì, àfi kí o bẹ ẹni tó fẹ́ kó kó fi sílẹ̀ fún ọ, bẹ́ẹ̀ òun náà ti yà á sọ́tọ̀ fún owó ilé.

Àwọn kan ti rí i kí àwa tó rí i. Ní Salvador, nílẹ̀ Bahia ní Brazil, ní 1832, àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ti kúrò lóko ẹrú dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, èyí tó di Sociedade Protetora dos Desvalidos. Orúkọ náà ń sọ pé ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹni tí kò ní alátìlẹ́yìn ni. Nígbà yẹn, Nàgó, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá, pọ̀ ní ìlú náà bí ewé.  Owó ń wọ àpótí ẹgbẹ́, kì í sì í kan ẹnikẹ́ni. Ọmọ ẹgbẹ́ tí àìsàn bá dá dùbúlẹ̀, tí ogbó bá dé bá, tàbí tó kú tó fi opó sílẹ̀, òun ni àpótí wà fún. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà títí di òní. Ẹ ro ó wò, àwọn tó jẹ́ pé àná ni wọ́n ń ta àwọn fúnra wọn lọ́jà.

Ní tiwa, òkú la máa ń dáwó fún. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú làá dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Mo jókòó níbi ìpàdé ẹbí kan nítorí ọkùnrin tí kíndìnrín rẹ̀ bàjẹ́. Èèyàn mọ́kànlá ló sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló ní ìgbà le, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. 47,000 náírà ló jáde. Ọkùnrin náà kú kí oṣù tó parí. Màlúù méjì ni wọ́n pa, wọ́n ta kánópì dí títì, aṣọ ẹbí oríṣi mẹ́ta ni. Àwọn mọ́kànlá yẹn ni o.

Mo ti bínú sí irú nǹkan yìí títí, kí n tó wá rí i pé ìkà nìkan kọ́. Òkú ní ọjọ́. Òkú ní ìwé ìpè, gbogbo ayé ló máa rí ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Aláìsàn kò ní ọjọ́, àwa fúnra wa ló sì ń gbé e pa mọ́. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́, ayé le." Ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú á máa so ó mọ́ abẹ́ bùbá fún ọdún kan, ẹni tó ní ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde á ní ibà ni. Kí ẹbí tó gbọ́, ọ̀kadà ti lọ. Mi ò bá yín jà lórí pé ayé le. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ènìyàn méjì tí ẹ fọkàn tán gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ó yá, ìjọba. Ibẹ̀ ni owó ńlá wà. Kò sí ẹgbẹ́, kò sí ìjọ, tó lè gbé ẹrù yẹn. Ní April 2001, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà péjọ sí Àbújá, wọ́n ṣèlérí pé nínú 100 náírà tí ìjọba wọn bá fẹ́ ná, 15 á lọ sí ìlera. Àwa la gbà wọ́n lálejò. Ìṣúná ìjọba àpapọ̀ wa kò tíì dé ibẹ̀ rí. Nínú gbogbo owó tó ń lọ sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó ju 70 lọ nínú 100 tó ń jáde ní tààràtà láti àpò aláìsàn àti àwọn èèyàn rẹ̀, lórí káńtà, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Òfin adójútòfò ìlera, NHIS, jáde ní 1999. Ọdún 2005 ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ̀gbádùn rẹ̀: òun, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Alágbàfọ̀ àti onígbájámọ̀ ń wò wọ́n láti òkèèrè. Ní May 2022 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin NHIA, tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, tó sì ní kí àpò kan wà fún ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5, aboyún, arúgbó, ẹni tó ní àbùkù ara àti òtòṣì. Èkó ní ILERA EKO, Ọ̀yọ́ ní OYSHIA, ìpínlẹ̀ yòókù ní tiwọn. Nígbà tí ti Èkó bẹ̀rẹ̀, 8,500 náírà ni ẹnìkan ń san fún ọdún kan gbáko. Ó ti gorí iye yẹn báyìí, síbẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹbí kan. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ara yín le. Òjò kì í rọ̀ tán ká tó lọ kan òrùlé.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín. Ibi tí ọwọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ tó ni ibà, ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti iṣẹ́ abẹ mélòó kan. Tó bá di àìsàn ńlá, ọwọ́ rẹ̀ máa ń kúrú. Ẹ jẹ́ ká mú kíndìnrín nìkan. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ ní láti máa lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà NHIS, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà! Ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Ní August 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ọsibítù wọn kan, UCH Ìbàdàn, LUTH, FMC Abẹ́òkúta àti ti Ẹ̀búté-Mẹ́ta wà nínú wọn, á máa gba 12,000 náírà dípò 50,000. Mo pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo tún wá mú bírò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìgbà 156 lọ́dún nìyẹn. Ní 50,000, 7,800,000 náírà. Ní 12,000, 1,872,000. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti 2024 ni 70,000, ìyẹn 840,000 lọ́dún. Ẹni tó ń gba iye yẹn, bí kò bá jẹ, tí kò mu, tí kò wọ mọ́tò, tí kò sanwó ilé, owó rẹ̀ kò ní fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ìdajì ọdún. Mi ò tíì ka oògùn àti àbẹ́rẹ́ mọ́ ọn.

Ti jẹjẹrẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Láti 2021 ni àpò ìjọba àpapọ̀ kan ti wà fún aláìní tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ọrùn ilé-ọmọ àti ti prostate, ní àwọn ọsibítù ńlá díẹ̀. Ẹni tó bá tètè mọ̀ ló ń jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti sọ fún aláìsàn pé ó wà, kí ó sì dá mi lóhùn pé òun ti ń bọ̀ ní ọsibítù yìí láti oṣù mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá ti dárúkọ àrùn náà fún yín ni kí ẹ béèrè ọ́fíìsì wẹ́fíà. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jọ̀wọ́ yín, tí ẹ kò rí owó san. Bó bá sì jẹ́ ìjàǹbá tàbí ohun tó dé lójijì, òfin ìlera ti 2014 sọ pé ọsibítù kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ lè sanwó ìtanràn, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n.

Òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ló kó bá a, yálà ẹ̀rọ gé e lọ́wọ́ ni tàbí kẹ́míkà ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, ní ẹ̀tọ́ sí owó lábẹ́ òfin 2010 tó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san iye tó jẹ́ náírà 1 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ sọ́dọ̀ àjọ NSITF. Ẹni tí dókítà bá jẹ́rìí pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lè fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó pé. Owó wọn ni. Ìwé ni kì í jẹ́ kí wọ́n rí i gbà, ẹ sì ní ọmọ tó kàwé nínú ilé.

Bílì kan tún wà tí ọsibítù kì í tẹ̀. Mọ́tò láti Ìṣẹ́yìn sí Ìbàdàn, àlọ àti àbọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Oúnjẹ ẹni tó ń sùn lórí ẹní ní kọ́rídọ̀. Omi inú ike. Owó káàdì fóònù láti fi máa tọrọ owó. Ọmọbìnrin tí wọ́n mú kúrò nílé ẹ̀kọ́ kí ó lè dúró ti ìyá rẹ̀, nígbà gbogbo ọmọbìnrin ni. Òfin iṣẹ́ wa fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó bí òun fúnra rẹ̀ bá ṣàìsàn, tí dókítà sì kọ̀wé sí i. Bó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló dùbúlẹ̀, òfin yẹn kò rí i. Mo mọ àwọn ìyá tó ti pàdánù iṣẹ́ mẹ́ta nítorí ọmọ kan.

Àwọn ọmọ wa lókè òkun ń gbìyànjú. Wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀n, níbi tí ètò ìlera ìjọba, NHS, ti ń tọ́jú èèyàn láti 1948 láì béèrè dípọ́sítì, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn níbẹ̀ sì lè jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Bí wọ́n bá gbowó tán, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sílé láti san dípọ́sítì. Ẹ má fi wọ́n ṣe ètò. Èèyàn ni wọ́n, ó máa ń rẹ̀ wọ́n. Àwọn mùsùlùmí wa ní sàká, ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn sì wà lára ọ̀wọ́ 8 tí Kùránì dárúkọ pé ó tọ́ sí. Mọ́ṣáláṣí mélòó ló ń ya ìpín yẹn sọ́tọ̀ fún ẹni tí ọsibítù jẹ ní gbèsè? Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ààfáà wa.

Ohun tí mo wá bẹ ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò pọ̀. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 200, kí oníkálukú fi 500 náírà sílẹ̀ lóṣù, 100,000 ni lóṣù, 1,200,000 lọ́dún. Iye yẹn kò fọ ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo fún ọdún kan, kódà ní 12,000. Ẹ má sì dán an wò. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ti kú sórí ìwà rere báyìí, tí aláìsàn náà sì kú pẹ̀lú. Ohun tí 1,200,000 lè ṣe ni pé kí ọ̀kadà má kúrò nílé. Ẹ fi san owó adójútòfò fún àwọn tí kò ní. Ẹ fi yá ọmọ ẹgbẹ́ tí àìsàn wọlé rẹ̀ lówó láì gba èlé ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nígbà tí orí ń fò lọ tí ọwọ́ ń ta ohunkóhun. Ẹ fi san owó mọ́tò fún un. Bó bá sì ti ta irinṣẹ́ rẹ̀, ẹ lọ bá ẹni tó rà á, ẹ rà á padà. Àwọn ọ̀gá mi ní ọsibítù kò gbà fún mi láti kọ irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rí. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìránṣọ kì í ṣe oògùn.

Aránṣọ tí mo fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo pàdé rẹ̀ lọ́jà lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Ó kí mi tayọ̀tayọ̀, ó fà mí lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ránṣọ. Mo wo ẹ̀rọ náà, mo ní, "Ṣé o ti rí òmíràn rà ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá, tòun àtijọ́ ni, ẹni tó rà á ló ń háyà rẹ̀ fún òun, 500 náírà lójoojúmọ́, Sunday nìkan ni òun kì í san. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn níbi tí mo dúró sí. 13,000 lóṣù. Ní oṣù karùn-ún, ó ti san ju iye tó ta ẹ̀rọ méjèèjì lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ló ń háyà. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún un. Ó gbé àga fún mi, ó ní kí n jókòó, òun fẹ́ bá mi ṣẹ́ etí ìró mi tó tú.